Lẹ́tà Ìyá Onílé ní Kádíìsì

"Dádì, ẹ wo eyín ẹ̀! Ṣé ẹ rí eyín ẹ̀?"

Ọmọ́yẹni ló gbé ẹja sókè níwájú fóònù, láàárín ọjà tí ariwo ń sọ lọ́tùn-ún lósì. Ní Sharpstown, àdúgbò kan nílùú Houston ní Amẹ́ríkà, nínú àga tí ìyàwó rẹ̀ rà kó tó kú, Ọládọ̀tun fa fóònù tirẹ̀ súnmọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ohun tó rí ni ìmọ́lẹ̀ funfun kan tó ń mì, bí ìgbà tí oòrùn bá bọ́ sórí páànù òrùlé. Kò rí ẹja, kó tó wá kan eyín.

"Mo rí i," ó wí. "Eyín olè ni."

Ọmọ́yẹni bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ja náà bá a rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Irọ́ kékeré ni. Ó ti tó oṣù mẹ́fà báyìí tó ti ń pa irú rẹ̀ láràárọ̀, kó tó mu tíì.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ní Houston. Ní Kádíìsì, ìlú àtijọ́ kan tí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po tán létí ilẹ̀ Sípéènì, aago kan ọ̀sán ti lù. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn láti oṣù mẹ́jọ tí Ọmọ́yẹni ti kó lọ síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń bá ṣiṣẹ́ wà ní The Woodlands létí Houston, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n ní ibi tó bá wù ú ni kó gbé, kó ṣáà ti bá wọn jókòó sídìí iṣẹ́ láago mẹ́jọ òwúrọ̀ Houston, tí í ṣe aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ tirẹ̀. Kó tó di aago mẹ́ta yẹn, á ti rin ìlú, á sì ti mú bàbá rẹ̀ rìn ín nínú fóònù.

Ta ló fẹ́ sọ pé Ọládọ̀tun kò mọ Kádíìsì? Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó mọ igun tí afẹ́fẹ́ ti máa ń já fìlà gbà lórí ènìyàn. Ó mọ ògiri gígùn tó dá òkun dúró, níbi tí àwọn bàbá àgbà máa ń jókòó sí tí wọn kì í sọ nǹkan kan fún odidi wákàtí. Ó mọ àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí wọ́n so mọ́lẹ̀ létí òkun bí ewúrẹ́. Ó mọ̀ pé téèyàn bá yà sápá òsì lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, òkun ni yóò bá; bó bá sì yà sápá ọ̀tún, òkun náà ni. Láwọn òwúrọ̀ mìíràn, lẹ́yìn tí Ọmọ́yẹni bá ti dágbére, bàbá yìí kì í dìde. Á jókòó síbẹ̀, á di ojú, á sì máa bá ìrìn náà lọ fúnra rẹ̀. Ariwo mọ́tò orí freeway á di ariwo omi. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí nísàlẹ̀ á di iyanrìn, òun náà á sì máa rìn lórí rẹ̀ láìwọ bàtà, bí ọmọkùnrin tí kò tíì ní gbèsè ayé kankan lọ́rùn.

Ní Sharpstown, ẹni tí kò bá wa mọ́tò, ọgbà ilé rẹ̀ ni ayé rẹ̀ pin sí. Ọládọ̀tun ti ta mọ́tò tirẹ̀ nínú oṣù kọkànlá. Ó sọ fún Ọmọ́yẹni pé òun fẹ́ sinmi lọ́wọ́ wàhálà ojú ọ̀nà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àìsàn ojú ló dé, èyí tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì tán, ó sì ti ń wá sí àárín. Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ kó má baà jẹ èyí tó kù. Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sọ fún ọmọ. Mùsílíù tó ń fi mọ́tò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà nìkan ló mọ̀.

Ẹ má bínú sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. A kì í fi ìròyìn àìsàn ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lájò. Nígbà tí Ọládọ̀tun fúnra rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Houston, tí bàbá rẹ̀ kú nílé, ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni wọ́n fi gbé ìròyìn náà pamọ́ fún un títí tó fi ṣe ìdánwò tán. Wọ́n ní bàbá wà lóko, wọ́n ní bàbá ń sùn. Nígbà tó gbọ́, inú bí i débi pé kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọdún kan. Òun náà ló wá di ẹni tó ń sọ pé òun rí eyín ẹja.

Òun ló kúkú fi Ọmọ́yẹni jókòó sí Kádíìsì, ká sọ òótọ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi jẹ́ apoògùn nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Gulfton nílùú Houston, láàárín àwọn ará El Salvador àti Honduras, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ èdè Sípéènì. Inú ìwé kọ́ ló ti kọ́ ọ. Inú ikọ́, inú rírun àti ibà ọmọ ọwọ́ ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí Ọmọ́yẹni dé ìlú àjèjì náà, tí kò mọ̀ ju "ẹ káàsán" àti "ẹ ṣeun" lọ, inú fóònù ni bàbá rẹ̀ ti bá ìyá onílé sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ yàrá fi yanjú. Inú fóònù ló ti ń ná ẹja. Àwọn ará Kádíìsì máa ń gbé ìdí ọ̀rọ̀ mì bí ẹni gbé òkèlè mì, àwọn náà sì ń fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ará El Salvador ṣe ẹ̀rín rín, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ra wọn yé. Ọjọ́ tí Ọmọ́yẹni kọ́kọ́ fi irú se ọbẹ̀, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àtẹ̀gùn ilé, tí ìyá onílé ń gbá ilẹ̀kùn, inú fóònù náà ni Ọládọ̀tun ti fi iṣẹ́ rẹ̀ búra pé òórùn náà dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá onílé tọ́ ọ wò. Kò gbá ilẹ̀kùn mọ́.

Pilar ni wọ́n ń pe ìyá náà. Etí rẹ̀ ti ń di, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo mọ́ òun, nítorí náà lẹ́tà ló máa ń kọ, tí á tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìkọ̀wé rẹ̀ rí bí èèrà tó ń sá fún òjò.

"Ó tún ti kọ òmíràn o," Ọmọ́yẹni wí nígbà tó délé láti ọjà lọ́jọ́ yìí. Bàbá gbọ́ kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́ bébà. "Mo ní kí fóònù mi kà á, ó ní ewúrẹ́ kan ń sọ̀ kalẹ̀ ní aago márùn-ún. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ka handwriting ìyá yìí. Mo ti fi picture ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, àmọ́ ẹ wò ó."

Ó gbé bébà náà síwájú fóònù. Ọládọ̀tun wò ó. Ó wò ó lápá kan, ó wò ó lápá kejì. Funfun ni, ohun eléérú kan sì ń rá lórí rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta tó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ omi ni: wọ́n ń tún páìpù ìsàlẹ̀ ṣe, wọ́n á ti omi pa, kí wọ́n pọn sílẹ̀.

"Omi náà ni," ó wí. "Wọ́n máa tì í lọ́la títí di ọ̀sán. Pọnmi sílẹ̀."

"Ah, thank God. Mo rò pé ó ń lé mi jáde ṣáájú ọjọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ jíjáde yìí ló wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan ti gba yàrá náà fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ìparí oṣù tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Ọmọ́yẹni ti wá yàrá mìíràn títí, kò rí, torí àwọn arìnrìn-àjò ti gba gbogbo ilé tán. Ilé iṣẹ́ ti ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀ bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè sùn sórí iyanrìn. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òun ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, ṣùgbọ́n bàbá gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rín náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọládọ̀tun kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé yàrá ti wọ́n ní Sípéènì. Ojú sì tì í díẹ̀ nígbà tó dìde.

"Training la ní lónìí," Ọmọ́yẹni wí. "Mo máa pa fóònù di twelve tiyín. Ẹ jẹun o, Dádì."

"Màá jẹun. Máa lọ, olówó orí mi." Èyí ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wọn, pé bàbá ni yóò gba owó orí ọmọ. Ìlà náà já.

Ó jókòó, ó di ojú, ó ní kí òun rìn lọ sétí òkun bó ti máa ń ṣe. Òkun kò wá. Bébà funfun yẹn ló ń rí.

Fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, Ọládọ̀tun ka ìwé àwọn dókítà, èyí tí ẹlòmíràn máa rò pé adìyẹ ló kọ ọ́. Kò méfò rí. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ ló mọ gbólóhùn kan tó máa ń sọ: "Bí o kò bá rí i kà, pe ẹni tó kọ ọ́. Má fi ojú inú ka oògùn." Ó ti lé ọmọ kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀ rí, ọmọ dáadáa, tó bẹ̀ ẹ́ títí. Àfi lónìí, tó fi ojú inú ka ìwé fún ọmọ bíbí inú rẹ̀, tó sì ní kó lọ pọnmi. Inú rẹ̀ bà jẹ́ ju bí ọ̀rọ̀ omi ṣe tó lọ. Ó mú fóònù, ó di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Marta wà lórí àga gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ, ó ń dúró de aṣọ rẹ̀. Ará El Salvador ni, ó ti ń ra oògùn lọ́wọ́ Ọládọ̀tun láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà lọ́wọ́, dókítà ló sì ń pè é títí di òní. Ó gba fóònù, ó fẹ àwòrán náà sókè, ó jìnnà sí i, ó súnmọ́ ọn.

"Ọwọ́ ìyá yìí burú o, dókítà," ó wí lédè wọn. Ó wá ń kà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà:

"Ọmọ mi Yẹni, ọkùnrin tó fẹ́ gba yàrá kò wá mọ́. Bó bá wù ọ́, dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n fún mi lésì kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní tó lù, torí ọmọ àbúrò mi fẹ́ mú àwọn kan wá wò ó. Mi ò fẹ́ àwọn kan. Ìwọ ni mo fẹ́. Kí bàbá rẹ fún mi. Òórùn yẹn ò burú mọ́."

Marta dá fóònù padà fún un. "Ìròyìn ayọ̀ ni, àbí?"

"Ìròyìn ayọ̀ ni," Ọládọ̀tun wí. Ó fi ọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ àga, ó jókòó.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Kádíìsì, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni níbí. Aago mẹ́jọ ti lù kọjá. Ó pe Ọmọ́yẹni. Fóònù náà ti kú.

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, Mùsílíù dé, ọmọ ogójì ọdún tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, ó sì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. Ọjọ́ àyẹ̀wò ojú ni, wọ́n ní láti wà lọ́dọ̀ dókítà ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Wọ́n gorí freeway. Mọ́tò pọ̀, wọ́n ń rìn bí ìgbín, oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lójú gíláàsì.

"Bàbá, ẹ ti dákẹ́ jù. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọládọ̀tun sọ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Alhamdulillah!" Mùsílíù gbá ìdarí mọ́tò lẹ́ẹ̀kan. "Bàbá, abeg, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ojú yín ni ò ríran, Ọlọ́run ló sì ti ilẹ̀kùn yẹn. Once it's ten, case closed. Sister á padà wálé, á máa tọ́jú yín. Ilé làbọ̀ simi oko. Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Kì í ṣe irọ́. Ohun tó dun Ọládọ̀tun nìyẹn. Gbogbo ohun tó ní láti ṣe ni kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ó gbé orí ti àga, ó dákẹ́ lóòótọ́, àlá rere sì gbé e. Ọmọ́yẹni wà nílé. Ó ń dín dòdò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ apá bàbá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ pé, "Ó ku ẹyọ kan, Dádì," àwọn ènìyàn sì ń wò wọ́n, wọ́n ń sọ pé ọmọ dára. Kò ní bẹ̀rù òkùnkùn. Kò ní ka ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn mọ́. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, ó fẹ́ ẹ débi pé omi dà lójú rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

Àlá yìí kò dúró níbẹ̀. Ó gbé e lọ sí fèrèsé ilé, sí ọdún méjì tí Ọmọ́yẹni fi gbé pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, nígbà tó ń wakọ̀ lọ sí The Woodlands lójoojúmọ́, tó sì ń wakọ̀ bọ̀. Ojú bàbá ṣì dára nígbà náà. Láti fèrèsé yẹn, á rí i tí mọ́tò rẹ̀ wọlé, tí iná mọ́tò kú. Kò ní jáde. Á jókòó sínú mọ́tò pípa fún ogún ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn ọgbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdarí. Kì í sunkún. Kì í tẹ fóònù. Á kàn jókòó. Lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ nu ojú, á ṣe ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, á wá gun òkè wá bi í pé, "Dádì, ṣé ẹ ti jẹun?" Ọládọ̀tun kò bi í léèrè rí. Ó ń bẹ̀rù ìdáhùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú wà níbẹ̀, kò lò ó.

Ọmọ yẹn náà ló wà láàárín ọjà láàárọ̀ yìí, tó ń pariwo nítorí eyín ẹja.

"Aago mélòó ló lù?" ó béèrè.

"Nine forty-six."

"Bá mi wá Pilar nínú fóònù yìí."

Mùsílíù yíjú wò ó. "Bàbá."

"Wá a, Mùsílíù. Kó tó pẹ́ jù."

Fóònù dún, ó dún, ó dún. Nígbà tó gbé e, ohùn rẹ̀ jìnnà bí ẹni tó wà nínú kànga. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà lédè Sípéènì ni, Mùsílíù kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

"Ta ni?"

"Bàbá Yẹni ni!"

"Bàbá ta ni?"

"Yẹni! Yẹni!"

"Ah, dókítà! Omi ti dé padà láti àná!"

"Kì í ṣe omi!" Ọládọ̀tun pariwo. Obìnrin kan nínú mọ́tò ẹ̀gbẹ́ wọn yíjú wò wọ́n. "Yàrá ni! Yàrá!"

"Ó ń lọ?"

"Rárá!" Ó mí kanlẹ̀. "Ó ń dúró! Ọmọ mi ń dúró!"

"Pariwo sí i, dókítà, etí yìí ò dáa."

"Ọmọ mi ń dúró!" Ó tún pariwo rẹ̀, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá náà ti gbọ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń tú ẹrù kan lórí rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹrù tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé lọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí àwọn kan wọlé. Ẹ dì í mú fún un títí yóò fi bá yín sọ tẹnu rẹ̀."

Ìyá náà ń sọ ohun púpọ̀, ó ń súre, ó ń sọ orúkọ àwọn ẹni mímọ́. Nígbà tí ìyá náà pa fóònù, Mùsílíù wo bàbá náà lójú. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó mú bébà ìnujú, ó gbé e lé bàbá náà lórí itan.

Inú yàrá tó ṣókùnkùn ni dókítà ti ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n má sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú mọ́. Ó bi í bóyá ó ní ẹni tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọládọ̀tun ní òun máa wá ẹnì kan.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà tí Ọmọ́yẹni pè. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Dádì, màmá Pilar dì mọ́ mi lórí stairs ni! Ó ń sunkún, ó ń ṣe bí ẹni pé mo ṣègbéyàwó. Ó ní ẹ ti bá mi gba room. Room wo? Ṣé ẹ ò sọ pé omi ni?"

"Kì í ṣe omi."

"Ẹ kà á fún mi. Ẹ ní omi ni."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, àwọn àgbà ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ọládọ̀tun kò pé ogún ọdún. Oṣù mẹ́fà péré ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

"Mi ò rí i kà, Yẹni. Mo méfò ni. Marta ìsàlẹ̀ ló bá mi kà á."

"Handwriting yẹn le, Dádì, kò sí ẹni tó máa—"

"Kì í ṣe handwriting. Ojú mi ni. Ó ti ń lọ láti oṣù kọkànlá. Òun ni mo fi ta mọ́tò."

Ó ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí òrùlé ilé náà, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, tí Ọmọ́yẹni ti ń pè é.

"Gbogbo nǹkan tí mo ti ń fi hàn yín," Ọmọ́yẹni wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Sea. Àwọn boat yẹn."

"Mò ń rí ìmọ́lẹ̀ wọn."

"Ẹ̀ ń rí ìmọ́lẹ̀ wọn." Inú ti ń bí i. "Ẹ̀yin tí wọ́n fi ikú bàbá yín pamọ́ fún! Ìgbà mélòó lẹ ti sọ ìtàn yẹn fún mi? Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Ta ló máa pè mí? Mo fẹ́ cancel room yẹn. Mo máa wá sílé."

"Mo mọ̀ pé wàá sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni mi ò ṣe sọ ọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gbà á fún mi?"

Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò pípa yẹn fún un, kò mọ ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀. "Torí pé wàá fẹ́ ẹ," ó wí.

"Mi ò bi yín ní ohun tí mo fẹ́. Kí lẹ̀yin fẹ́, Dádì? Kì í ṣe ohun tó dáa fún mi o. Ẹ̀yin."

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀. Dókítà ń sọ ohun tó yẹ fún un, ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́. Ó wá ìdáhùn nínú ara rẹ̀, ó bá a níbẹ̀ gbọnrangandan.

"Mo fẹ́ kí o wá sílé," ó wí. "Mo fẹ́ ẹ gan-an ni, Yẹni. Lójoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ ẹ. Mo sì fẹ́ kí o dúró síbẹ̀. Méjèèjì ni mo fẹ́, mi ò lè yọ ọ̀kan nínú èkejì."

Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù ṣú lójijì, afẹ́fẹ́ náà sì dákẹ́. Ó rò pé ìlà ti já. Ó fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, àfi bó ṣe gbọ́ èémí, nítòsí gan-an, tó ń lọ tó ń bọ̀, bí ti ẹni tó gbé orí lé èjìká rẹ̀. Ọmọ́yẹni ti mú fóònù kúrò níwájú. Ó ti gbé e sétí, bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Mo máa wá fún operation yẹn," ó wí. "Ẹ ti gbọ́? Mo máa dúró tì yín títí ẹ máa fi gbádùn. Lẹ́yìn ẹ̀ màá padà síbí."

"Wá."

"Ẹ má sọ fún mi pé kí n má wá o."

"Mo ní kí o wá."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan yé Ọládọ̀tun, ó sì yé e pẹ̀lú ìtìjú. Oṣù mẹ́jọ ni fóònù yẹn fi kọjú sí ìta, sí ọjà àti òkun àti ògiri. Ẹni tó dì í lọ́wọ́ kò sí nínú àwòrán rí, àti ìgbà tí ojú ṣì ń ríran. Ó mọ igun ilé búrẹ́dì. Kò mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bá jẹun, tàbí bóyá ó ń rí ẹnì kan bá jẹun.

"Ìwọ ńkọ́, Yẹni?" ó bi í. "Kì í ṣe ìlú o. Ìwọ fúnra rẹ."

Ọládọ̀tun náà gbé fóònù tirẹ̀ sétí, ó di ojú rẹ̀, ó sì dúró de ìdáhùn rẹ̀.